Ẹni Tí O Fẹ́ Mú Wá Jókòó Sẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí ọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní kíláàsì kìíní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà kò tó ẹni tí í kọ lẹ́tà sí ẹni tó jáde ní yunifásítì. Bí àmì bá jábọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, bá mi gbé e padà, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Ẹni tó ń ṣọ́ wa kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Bàbá rẹ wà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa náà wà, àwọn méjèèjì ló ń wúkọ́ láràárọ̀.

Ohun tó gbé mi dé ìdí bírò ni ti àwọn tí o sọ fún wa lórí fóònù, àwọn tí o pè ní plọ́gíìnì. O ní inú kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ wọn wà. O ní ọ̀kan á máa gba iṣẹ́ wọlé bó ti wù kí oníbàárà gbé e wá, á tún un tò títí tí yóò fi yé wọn nínú ibẹ̀. Èkejì á wá gbé e jáde fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, mo ti mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gba iṣẹ́ wọlé yẹn, ta ló bí i? Iṣẹ́ mi mà ló ń ṣe yẹn! Ẹ̀yìn mi ni o wà tí mo fi ń gba iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ. O tún wá ní kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bá oníbàárà jà. Mo gbọ́. Èmi ni o ń bá wí.

Láti ọjọ́ náà, bí bàbá rẹ bá bu òkèlè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Bó bá mu omi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ó ní kí o mú un wálé kí èmi lè máa sinmi. Ìsinmi kẹ̀? Ta ló gbọ́ pé ó rẹ̀ mí? Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn kí ìyàwó kékeré tó wọlé.

Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wọ kíláàsì, torí ó dá mi lójú pé òun mọ̀wé. Tíṣà wa ní mo ń gbìyànjú, àmọ́ gbogbo wa ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Lọ́jọ́ Ajé, mo ní kí n ṣe bíi ti plọ́gíìnì yẹn: mo panu mọ́, mo ń gba ohun gbogbo. Káfíńtà fi ṣọ́ọ̀kì kọ iṣẹ́ tirẹ̀ sára pákó, mo gbà á. Onígbàjámọ̀ gbé odindi aṣọ ìlẹ̀kùn rẹ̀ wá, ó ní irú lẹ́tà ara rẹ̀ ni òun ń fẹ́, mo gbà á. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ kó lè sinmi díẹ̀, mo gba tirẹ̀ náà, mo tì í sábẹ́ tábìlì. Nígbà tí bàbá rẹ máa jáde, kò rí ibi fẹsẹ̀ sí. Ó bi mí bóyá igi ni mò ń tà báyìí, ó ní tí plọ́gíìnì ọmọ òun bá dé, yóò mọ èyí tó yẹ kó dá padà. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún sínú ìborùn.

Kò sì mọ̀ pé èkejì ń bọ̀ wá gba ìdí ẹ̀rọ lọ́wọ́ òun náà. Ọkùnrin! Iná wà létí aṣọ rẹ̀, ó ń bèèrè ibi tí èéfín ti ń wá.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá fojú kàn án. Fi owó bàtà tó ń dún nílẹ̀ kún un, n kò fẹ́ kó bá mi nínú sílípáàsì. Bí o bá ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, bá a wá a sí ibòmíràn. Ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún tóbi, ẹnu ọ̀nà pọ̀ níbẹ̀. Èmi, ẹyọ kan ni mo ní.

Ibi tí o bá jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò ní ní kí o dìde. Àmín.

Má ka ìwé yìí sétí bàbá rẹ, má sì jẹ́ kí plọ́gíìnì náà gbọ́ sí i. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé inú mi dùn pé ó ń bọ̀. Mo tilẹ̀ ti bá a nu àga mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.