Àpótí Irin Kí Ìbọn Tó Dé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, 2019

Èmi Mbanjwa ni mo ń sọ̀rọ̀. MaJwara ìyàwó mi ló ń kọ ọ́, nítorí ìdí àgùntàn ni bàbá mi fi mí sí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé ìwé. Mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kì í ṣe ohun tó yẹ kí n sọ.

Àwọn olè já wọ ilé MaNgcobo lánàá. Opó arúgbó, lápá òkè odò. Wọ́n kó fóònù, wọ́n gbé àpò ìyẹ̀fun àgbàdo, wọ́n tún lù ú lé e. Eyín rẹ̀ méjì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí a débẹ̀.

Ilé tó kàn lẹ́yìn tirẹ̀, tiwa ni.

Mo ti gba ẹ̀kọ́ ìbọn lọ́dún tó kọjá. Ẹnu ni mo fi dáhùn ìdánwò, ìwé ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ mi. MaJwara máa ń sọ pé ilé ìwé kan ṣoṣo tí mo parí nìyẹn. Kó máa rẹ́rìn-ín. Mo ń lọ ra ìbọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ta akọ màlúù dúdú, mo wọ ìlú lọ.

Òyìnbó tó ń ta ìbọn — Irùngbọ̀n ni mo sọ ọ́, ó bò ó láyà — gbọ́ èdè wa ju àwọn ọmọ ọmọ mi tó wà ní Durban lọ. Ó gbé tuntun jáde, owó rẹ̀ ga jù. Ó gbé àlòkù wá: ìbọn ìléwọ́, ọta mẹ́fà ló ń gbà, igi ni ìdí rẹ̀, ó ti dán níbi tí ọwọ́ ẹlòmíì ti ń dì í mú. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ló ni ín tẹ́lẹ̀. Mo béèrè bóyá ó yìn ín lu èèyàn rí. Ó ní, "Agolo nìkan ló pa, Bàbá. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí."

Mo sanwó. Ó gba owó, ó sì dá ìbọn padà sẹ́yìn káńtà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò wà títí ìjọba yóò fi fún mi ní káàdì àṣẹ ìbọn. Ó dà bí kéèyàn san owó orí ìyàwó tán, kí wọ́n ní kí ìyàwó ṣì máa gbé nílé bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àpótí irin dé. Òfin ni: a gbọ́dọ̀ de àpótí mọ́ ògiri kí ìbọn tó wọlé. Gcinumuzi aládùúgbò wa ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e wá. Òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mí hẹlẹ-hẹlẹ kí wọ́n tó gbé e dé yàrá.

Ó béèrè kí ni a fẹ́ kó sínú rẹ̀. Olùkọ́ ìbọn wa ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá mọ̀ pé o ní ìbọn, ìbọn yẹn gan-an ni yóò wá gbà. Mo dákẹ́. Gcinumuzi ṣẹ́jú sí mi. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Mbanjwa. Olówó kì í pariwo."

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ìjà. Mo ní kí MaJwara pọn ọtí. Nǹkan ńlá kì í wọ ilé bàbá mi kí a má sọ ọ́ fún àwọn tó ti lọ. Ó ní kí n wọ yàrá, kí n sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ní òkú kì í gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó ní, "Bàbá Zandile, ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ kì í pe àdúgbò wá wò ó."

Yóò pọn ọtí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Ọtí dára. Èrò pọ̀. A kì í dá ọtí àwọn baba mu, a kì í sì í lé ẹni tó bá yà síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó lẹ́bàá ọgbà màlúù, mi ò mọ ọmọ ẹni tí wọ́n ń ṣe. A bu ọtí fún wọn.

Mo dúró níwájú àpótí, mo pe bàbá mi, mo pe bàbá rẹ̀. Mo ní, "Àpótí rèé. Ẹ bá wa ṣọ́ ohun tó ń bọ̀ wá gbé inú rẹ̀." Mi ò lè dárúkọ ìbọn létí gbogbo wọn. Ojú gbogbo wọn wà lára irin yẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Ọlọ́pàá wá wo àpótí. Ó mì í, kò mì. Ó ní wọn yóò pè mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Níbi tí a ti ń wẹ màlúù nínú oògùn eégbọn, Báńkì ni wọ́n ń pè mí báyìí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọjọ́bọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni. Àwọn ìyá ìjọ máa ń ṣèpàdé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ — MaJwara ti wọ ẹ̀wù pupa rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin mẹ́ta. Wọn ò bo ojú. Èyí tó kéré jù kí mi: "Ẹ káàsán, Bàbá àgbà. Ẹ má dìde." Ó tẹ̀ mí mọ́ àga.

Wọ́n béèrè kọ́kọ́rọ́ àpótí, mo fún wọn. Wọ́n ṣí i. Òfìfo. Wọ́n wo ara wọn.

"Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Owó dà?"

Mo ní kò sówó.

"Ta ló ń fi irin tó tó báyìí pa afẹ́fẹ́ mọ́? Ẹ̀yin lẹ pọn ọtí fún un."

Ì bá ṣe pé mo sọ òtítọ́, wọn ì bá gbà mí gbọ́. Wọn ì bá sì dúró de ìbọn náà. Mo pa ẹnu mi dé. MaJwara ní kí n má fi èyí sínú ìwé. Kó kọ ọ́.

Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún mi sẹ́nu ilẹ̀kùn àpótí, wọ́n sì gbá a dé. Èyí tó kéré jù tún béèrè. Wọ́n tún gbá a dé. "Ẹ má bínú, Bàbá àgbà," ló ń wí, ní gbogbo ìgbà.

Wọ́n ní àwọn yóò padà wá nígbà tí mo bá rántí ibi tí mo kó owó sí. Wọ́n ní àwọn yóò dúró kí ìyàwó mi náà wà nílé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Dókítà ti to eegun ọwọ́ mi. Zandile ọmọ wa pè láti Durban: ẹ máa bọ̀. Mo ní ta ni yóò da màlúù? Ó sunkún. MaJwara gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó jáde lọ sọ̀rọ̀ níta. Mi ò mọ ohun tó sọ. Kò lọ sí Durban.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún

Káàdì kò tíì dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà

Ọkọ̀ funfun kan dúró lẹ́nu géètì wa. Ó fun fèrè. Ó tún fun. MaJwara mú àáké, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi náà dúró. Kò sóhun tó wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ náà lọ jẹ́jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Àwọn ọlọ́pàá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù. Wọ́n ti fọwọ́ sí káàdì mi. MaJwara kà á fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó tún un kà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje

Mo gba káàdì. Mo lọ sọ́dọ̀ Irùngbọ̀n, èmi àti MaJwara. Ó kó wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n gbé ìwé kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ dán ìbọn wò.

Ìbọn náà rí bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo dì í mú. Mo ní kí ìka mi fà á. Ìka kò tẹ̀. Mo tún gbìyànjú. Ó kàn ń gbọ̀n, bí ìrù ọmọ àgùntàn. Irùngbọ̀n ní, "Ẹ fi tòsì dán an wò, Bàbá." Tòsì lágbára láti fà á, ṣùgbọ́n èjìká òsì mi ti kú tipẹ́, ògiri ni mo yìn. Ó ní kí a sinmi. Mo ní kò rẹ̀ mí. Mo yìn ín títí ọta tó fún mi fi tán. Ìwé náà wà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Irùngbọ̀n ní kí MaJwara náà dán an wò, òun yóò dúró tì í. Kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé rẹ̀. Ó bọ́ ìborùn, ó fún mi mú. Ó yìn ín. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Àárín ìwé ló bà, méjèèjì.

Inú mi dùn. Mo ní, nígbà náà òun ni yóò máa mú un nílé.

Irùngbọ̀n mi orí. "Orúkọ yín ló wà lára káàdì, Bàbá. Bí Màmá bá yìn ín nílé tí ẹ ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀ràn ni. Tó bá fẹ́ tirẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ — ẹ̀kọ́, ìdánwò, káàdì."

Mo béèrè bí yóò ti pẹ́ tó. Ó wo ọwọ́ mi. "Ẹ mọ bí tiyín ṣe pẹ́."

A gbé ìbọn wálé. Mo tì í mọ́nú àpótí bí òfin ṣe wí. MaJwara kò bá mi jà, kò sọ pé òun ti sọ tẹ́lẹ̀. Ì bá dára kó sọ ọ́.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, èmi ni mo ń sùn sápá ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá já wọlé kọ́kọ́ bá mi. Nígbà tí mo wọ yàrá nísinsìnyí, ó ti wà níbẹ̀, ó ti gbé ìrọ̀rí mi sápá ògiri. Ó ní kí n sún wọlé.

Mo sún wọlé.