Orúnkún Tí Kò Dùn Mí

Ẹ̀gbọ́n mi Àlàájì Mìkáílù,

Mo kí yín, mo kí Ìyá wa, ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni a wà ní Adjamé. Habiba ọmọ mi ti bímọ, ọkùnrin ni. Ọjà aṣọ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí láti kọ eléyìí. Orúnkún tí mo ní ó ń dùn mí yẹn kì í ṣe orúnkún. Ìpá ni. Bí mo bá forí kanlẹ̀, ó máa ń sọ̀ wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń jókòó kírun. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbí ti ra àga fún mi sí mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ń ṣàdúà fún orúnkún, èmi náà ń ṣàmín.

Tawakalitou àbúrò Habiba ló túmọ̀ Faransé dókítà fún mi. Ilẹ̀ ni àwa méjèèjì ń wò. Dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà, àwọ̀n ni wọ́n sì máa fi dí ibi tí ikùn ti ya nínú méjèèjì. Nínú ọ̀kan, wọ́n á la ìsàlẹ̀ ikùn, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn á mú kí ibẹ̀ kú tipiri, ojú mi á là sílẹ̀. Nínú èkejì, ihò kéékèèké pẹ̀lú kámẹ́rà ni, màá sùn lọ pátápátá. Ìyẹn wọ́n jù, ṣùgbọ́n màá tètè padà sídìí ẹrù.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má sọ fún Ìyá. Ọlọ́run kò ní dójú tì wá.

Ẹ̀gbọ́n, nígbà Iléyá tí mo wá sílé, ẹ̀yin náà jókòó kírun. Ẹ ní orúnkún ni. Ṣé orúnkún ni lóòótọ́?

Àbúrò yín,
Àrìmíyàù