Àtẹ́lẹwọ́ Tí Mo Fi Sílẹ̀ Níbi Iṣẹ́

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi! Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn sílẹ̀ n'Ìbarà, tí mo ní kí wọ́n pa àwòrán àtẹ́lẹwọ́ mi rẹ́ nínú ẹ̀rọ tó ń ṣílẹ̀kùn.

Mo tún padà lọ lónìí. Ọ̀gá ibẹ̀ ní, "Ìyá Sàídì, a ti pa á rẹ́. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo gbé ọwọ́ sí ẹ̀rọ yàrá oògùn níṣojú ẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Mo ní, "Bí oògùn bá sọnù níbẹ̀ lọ́la ńkọ́?"

Ló bá ń kólòlò: "Àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa l'Ékòó ló ń tọ́jú àwòrán náà, mà."

Ká ní kọ́kọ́rọ́ ni, ǹ bá ti dá a padà.

Mi ò kúrò níwájú ẹ̀ títí tó fi kọ ọ́ síwèé pé mi ò sí lára òṣìṣẹ́ wọn mọ́. Ìwé wà lọ́wọ́ mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi wà lọ́wọ́ àwọn tí mi ò mọ̀ rí.