Ọwọ́ Méjèèjì tí Mo Nà Sókè ní Àbújá

Tẹjúmọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Bódìjà, ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ oko tó ń ṣọ́ ilé yóò máa ṣọ́ yín. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ rẹ ti bímọ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ Àbújá ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé wọ́n yàn mí láti ìjọba ìbílẹ̀ wa pé kí n lọ dìbò níbi àpérò gbogboogbò ẹgbẹ́ òṣèlú wa, tí Bọ́láwárìn, bàbá ìsàmì rẹ, ti ń du ipò akọ̀wé. Wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó kọ̀, èmi náà sì fi Bíbélì búra fún un pé n kò ní yẹsẹ̀. Wọ́n fi káàdì kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ bọ́ ọ, mo gbé e wẹ̀, mo gbé e sùn.

Lọ́jọ́ àpérò, òyìnbó ni wọ́n ń sọ ṣáá. Nígbà tó yá, alága sọ̀rọ̀ kúkúrú, gbogbo èèyàn sì nawọ́ sókè. Mo ní àdúrà ìparí nìyẹn, ni mo bá ṣí fìlà, mo dijú pinpin, mo na ọwọ́ méjèèjì, Bọ́láwárìn gan-an ni mo sì ń gbàdúrà fún. Bí mo ṣe lajú, mo rí bàbá arúgbó kan nínú tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ tó ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó nawọ́ sókè, mo ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run rèé. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, òun náà sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí ló wá sọ fún mi pé àwọn tó fara mọ́ ẹnì kejì tó ń bá Bọ́láwárìn du ipò ni wọ́n ní kó nawọ́, ìdìbò sì ti parí.

Inú ọkọ̀ la wà tí mo ṣàlàyé fún Bọ́láwárìn. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Jóṣúà, mo mọ̀ pé gbogbo wọn á nawọ́. Ìwọ nìkan ni mo ń wò." Bí a ṣe dé Ìbàdàn, ó gbé àpò rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

Ó dùn mí dé egungun, ọmọ mi. Ogójì ọdún la ti ń ṣọ̀rẹ́. Mo ń pè é, obìnrin kan ló máa ń dáhùn nínú fóònù rẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó bá mi jíṣẹ́, ó jọ pé kò jẹ́ ẹ.

Jọ̀ọ́, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ránṣẹ́ kí n fi wọkọ̀ wá, má gbé e gba báńkì, kí wọ́n má baà kó owó ẹlòmíràn fún mi. Kí n tó dé, lọ sílé rẹ̀ ní Akobo, kúnlẹ̀ fún un, má ṣàlàyé kankan, sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Lọ́jọ́ tí ẹni tó fọkàn tán ọ bá ń wò ọ́, kò ní bá ọ níbi tí o ti dijú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jóṣúà Akíndúró