Orin Tí Wọ́n Fi Ń Sin Ìyàwó Jáde Nílé

Orin kan wà tí wọ́n fi ń sin ìyàwó jáde nílé bàbá ẹ̀ káàkiri Àkókó… orin òkú ni. Ọkọ mi ló kọ ọ́, èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀ pé òkú ló fi kọ. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì dá orin náà mọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ ẹ̀ ní comment. Ọmọ mi ò sí lórí page yìí, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà níbí.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, Ọ̀kà lọkọ mi, ibẹ̀ náà la sì ń gbé. Olórin ni, ó ní band tiẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà yẹn orin ẹlòmíì ló máa ń kọ lóde, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. A bí ọmọbìnrin kan, ẹ jẹ́ n pè é ní Àṣàkẹ́. Ijó ni ọmọ yẹn bá wáyé. Kí bàbá ẹ̀ ṣáà ti fọwọ́ lu tábìlì, á ti dìde. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí ibà fi gbé e ṣánlẹ̀, a sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́… ó kú mọ́ wa lọ́wọ́. A rí taxi kan tó gbà láti gbé wa padà sí Ọ̀kà. Èmi jókòó níwájú, bàbá ẹ̀ gbé e sórí itan lẹ́yìn, nínú ìró mi. Bí mọ́tò ṣe ń gun òkè Ọ̀kà, mo gbọ́ tí bàbá ẹ̀ ń kùn. Mo rò pé àdúrà ni. Orin ni. “Rọra máa lọ ọmọ mi, ẹsẹ̀ ẹ kéré, ọ̀nà jìn. Má wẹ̀yìn o, ìyá ẹ ń sunkún. Ibi tí ò ń lọ, wọ́n á bomi fún ẹ mu.” Mo ti yí ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà díẹ̀ o. Lẹ́yìn ìrun Àìlá la sin ín.

Ó pẹ́ kó tó tún gbé gìtá. Àwọn kan láti Ìṣùà ló wá bẹ̀ ẹ́ fún ìgbéyàwó, mo tẹ̀ lé e torí mi ò fẹ́ kó dá lọ. Nígbà tí ìyàwó kúnlẹ̀ fún bàbá ẹ̀ láti gba àdúrà, bàbá náà bú sẹ́kún, ni ọkọ mi bá lanu… orin inú taxi yẹn ló jáde. Gbogbo ilé ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jó! Wọ́n rò pé ìyàwó ló ń kọ ọ́ fún. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ wo nínú ẹ̀ ni ò bá ìyàwó mu? Kò pẹ́, àwọn ará Epinmi ń pè é, ará Ese ń pè é, rédíò ń gbé e. Ó kọ orin tó pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, èyí náà ni wọ́n máa ń bèèrè, òun náà ló sọ ọ́ di olórúkọ.

Nígbà tá a délé lọ́jọ́ náà, mo fi ìbínú bi í pé ṣé òkú ọmọ mi ló fi ń ṣeré lóde. Ó ní, “Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jó sí i mọ́. Jẹ́ kí wọ́n máa jó… ṣebí ijó ló fẹ́ràn.” Mo ṣèlérí fún un.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Gbogbo ìgbà tó bá ń kọ orin yẹn, á sọ ọwọ́ òsì ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, á ká ìka díẹ̀, bí ẹni tó di ọmọ kékeré lọ́wọ́ mú. Àwọn èèyàn ní stáìlì ni. Àwọn olórin tó ń dìde bọ̀ ń ṣe é báyìí nínú fídíò. Tí mo bá ti rí ọwọ́ yẹn, mi ò kì í lè wo ìsàlẹ̀, torí ó ń ṣe mí bíi pé màá rí Àṣàkẹ́ níbẹ̀. Sátidé tí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó ládùúgbò, màá tilẹ̀kùn, màá pa fèrèsé dé… orin náà á ṣì wọlé. Ṣé orí mi ló ń dàrú ni? Nígbà tọ́kọ mi kú lọ́dún tó kọjá, mo rò pé ó tán. Kò tán.

Ọmọbìnrin tá a bí tẹ̀ lé Àṣàkẹ́, òun nìkan ló kù fún mi, ń ṣe yìgì lóṣù tó ń bọ̀. Ó mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n tó kú, kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní orin yẹn ni kí DJ fi sí i, ní ohùn Dádì òun gan-an, bí òun bá ń jáde nílé. Mo ní kó wá orin míì. Ó wò mí títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, gbogbo ọmọ Àkókó ni Dádì sin relé ọkọ. Ṣé èmi nìkan ni wọn ò ní sin ni?”

Kí ni kí n fi dá a lóhùn? Tí mo bá sọ òótọ́, mo ba ọjọ́ ẹ̀ jẹ́, mo sì yẹ àdéhùn tí mo bá òkú ṣe. Tí mo bá dákẹ́, ẹnu ọ̀nà kan náà tá a gbé òkú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbà jáde, orin kan náà, ni wọ́n máa fi mú eléyìí jáde. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ìgbàgbọ́ mi kéré. Ó lè kéré. Ẹ̀rù ń bà mí ṣá. Àná ló tún wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní òun fẹ́ kí n gba máíkì lọ́jọ́ náà, kí èmi fúnra mi bá Dádì òun gbè é. Mo ti ní ó dáa kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Ẹ̀yin abiyamọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ọmọ rí… ṣé kí n sọ fún un ni, àbí kí n kàn lanu kí n kọrin?