Tíì Tí Mo Gbìn Sórí Òkè

Ẹ̀fọ̀n Alààyè,
Oṣù Keje, 1974.

Adéníkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Olówógbowó, ṣé omi ọ̀sà kò tíì wọ yàrá yín? Ọlọ́run tí ó dá ọ sí di òní kò ní jẹ́ kí a sunkún rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ orí òkè ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Mo ní tìrẹ ni, ṣùgbọ́n Àkàndé àbúrò mi ní òun yóò gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, pé kí ni ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Olórí ẹbí wá ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gbin igi tó máa pẹ́ síbẹ̀ ni yóò ni ín. Kò pẹ́ ni òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba wá kọ́ wa nípa tíì. Ó ní ó fẹ́ràn òkè tó tutù àti òjò púpọ̀, ó ní ewé pẹ̀lú igi rẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gé, wọ́n á kó o sínú àpò kéékèèké, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣebí ìwọ lo ra tíì ní ọjà Sandgrouse l'Ékòó tí o fi ránṣẹ́ sí wa nígbà Àjíǹde, ewé nínú àpò kéékèèké, tí wọ́n tilẹ̀ ti so okùn mọ́ ọn? Ìyá rẹ ní inú omi gbígbóná ni wọ́n ń kì í bọ̀. Mo ní ẹni tó bá se èbù iṣu rẹ̀ jẹ, kí ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?

Mo bu ilẹ̀ dúdú lábẹ́ igi kọfí baba mi, níbi tí èso rẹ̀ ń já sí, mo rù ú lọ sórí òkè, mo gbin àwọn àpò náà sínú rẹ̀, mo sì so okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ igi kí atẹ́gùn má gbé wọn. Ó pẹ́ kó tó hù, Àkàndé á máa kọjá, á máa béèrè bóyá ṣúgà ni wọ́n ń retí. Nígbà tó yá wọ́n yọrí, wọ́n gbé hóró lé orí bí ṣọ́jà tó dé fìlà. Àkàndé wò ó, ó ní kọfí nìyí. Mo ní ṣé kì í ṣe orí tábìlì kan náà ni tíì àti kọfí ń jókòó l'Ékòó, báwo ni wọn kò ṣe ní jọra? Olórí ẹbí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun yòówù kí a pè é, igi ni, yóò pẹ́, ilẹ̀ ti di ti Adéníkẹ́.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ẹmu fún àwọn àgbà. Àkàndé ní kí o fi mílíìkì inú agolo kún un, pé òun náà fẹ́ gbìn ín kí òun lè ní màlúù. N kò mọ̀ bóyá yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n rà á fún un, torí ó ti gbà láti bá mi gbẹ́ kòtò tí a ó ṣí àwọn igi rẹ sí.

Ilẹ̀ tó ti di tìrẹ yìí, ẹsẹ̀ ayọ̀ ni wàá fi tẹ̀ ẹ́, ojú wa yóò sì rí i.

Èmi baba rẹ,
Sámúẹ́lì.