Ohun Tó Ń Dáhùn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àga Màmá Àgbà

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi baba tó bí ọ lọ́mọ, olórí ilé, ẹni tó jẹ́ pé tó bá wúkọ́, gbogbo agboolé á pa lọ́lọ́, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ìwádìí yẹn ò fi iṣẹ́ pa ọ́? Ìlú ńlá ò ní gbé ọ mì o. Àwa náà ń mí, ara ìyá rẹ nìkan ni ò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àpótí tó ní irin méjì lórí tí o gbé wálé ni. O ní iná mànàmáná inú irin kìíní ò lè fò lọ sí ìkejì, pé afẹ́fẹ́ àárín wọn ò gbà, àfi kí nǹkan kan láti ìta wá tú afẹ́fẹ́ náà ká, bí ahọ́n iná àbẹ́là. Ó yé mi dáadáa. Afẹ́fẹ́ ni mẹ́gáàdì, àbẹ́là sì ni owó ẹ̀yìn. Mo tiẹ̀ fi bísíkíìtì lọ̀ ọ́, kò gbà.

Ìyá rẹ wá gbé e sí yàrá Màmá Àgbà tó ṣaláìsí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn lábẹ́ fèrèsé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó kí àga náà pé ẹ kú ìjókòó, ni iná bá fò láàárín irin méjèèjì, pà! Kò sí àbẹ́là lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tó ti ìta wá ti wọlé nìyẹn. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́, oúnjẹ rẹ̀ ń tutù sórí àwo. Tó bá ti kí i, á dáhùn. Yàrá náà ń rùn bí irin tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, irun apá mi a sì máa dìde tí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Nítorí náà, fowó àbẹ́là ránṣẹ́, tiwa ti tán. Kó o sínú fóònù, màá gbọ̀n ọ́n jáde níbí. Iná tó ń fò lára irin ò ní fò lára rẹ.

Èmi, Bàbá rẹ.

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú. Bàbá kọ́ o, èmi Ayékòótọ́ àbúrò yín ni. Bàbá ti kó ẹní lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn báyìí. Èmi ni mo ń dúró níta lẹ́yìn fèrèsé, tí mo ń na àbẹ́là wọlé lábẹ́ kọ́tìnnì tí Ìyá bá ti kí àga náà, ẹ̀rín ni mo fi ń ṣe. Àmọ́ òótọ́ ni pé àbẹ́là ti tán. Lánàá, inú yàrá ni mo wà, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú àpò, fèrèsé wà ní títì. Ìyá kí i. Ó dáhùn.

Ẹ má fowó ránṣẹ́ mọ́, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ìyá ní kémi náà wá kí i, pé Màmá Àgbà ti sọ fóun ẹni tó ń dúró lẹ́yìn fèrèsé.